Oúnjẹ Ènìyàn Méjì ní Bòlóńyà

Nígbà tí Ṣínà ti lo ọjọ́ mẹ́sàn-án ní ilẹ̀ Ítálì ni Harriet, ìyàwó rẹ̀ tó wà nílé ní Àpápá, wá mọ̀ dájú pé irọ́ ni ọkọ òun ń pa fún òun. Kì í ṣe irọ́ obìnrin, kì í sì í ṣe irọ́ owó. Irọ́ oúnjẹ ni.

Òǹkọ̀wé ni Ṣínà. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló fi ṣe akọ̀wé ní ọ́fíìsì àwọn tó ń gba ẹrù jáde ní èbúté, láàárín ìwé ẹrù wọ̀nyẹn ló sì ti kọ ìwé ìtàn mẹ́rin ní èdè Yorùbá, tí àwọn tó fẹ́ràn ìwé kíkà mọ̀ ọ́n mọ́. Ìgbà tó fẹ̀yìn tì ló bẹ̀rẹ̀ ìkarùn-ún. Ìtàn ọmọbìnrin kan láti Ìjọra Badia ni, tó lọ ń se oúnjẹ ní ilé àwọn arúgbó ní Ítálì. Moríyọ̀ ni Ṣínà sọ ọmọ náà nínú ìwé. Ó kọ ọ́ dé ibi tí Moríyọ̀ ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ òfurufú, ni bírò bá dúró. Kò mọ bí òpópónà ibẹ̀ ṣe rí. Kò mọ ohun tí wọ́n ń jẹ. Ẹgbẹ́ kan tó ń ran àwọn òǹkọ̀wé lọ́wọ́ ló wá gbé ìrìn àjò ọ̀sẹ̀ mẹ́rin fún un, Nápólì, Róòmù, Bòlóńyà àti Tùrínì, kó lọ fi ojú ara rẹ̀ rí i, kó sì fi ẹnu ara rẹ̀ tọ́ ọ wò.

"Ẹnu yín yẹn gan-an niṣẹ́ wà fún," ni Harriet wí fún un lọ́jọ́ tó ń di ẹrù. "Nínú ìwé yín mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹnikẹ́ni tó bá ti jẹun, ẹ ó ní 'oúnjẹ náà dùn.' Ó dùn báwo? Ṣé bí ìrẹsì ṣe ń dùn náà ni iṣu ṣe ń dùn?"

Ó lẹ́tọ̀ọ́ láti bi í. Oúnjẹ ni iṣẹ́ Harriet. Ó lé lógún ọdún tó ti ní ilé oúnjẹ ní Ajégúnlẹ̀, lẹ́bàá ọjà Bọ́ńdárì, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ èbúté àti àwọn awakọ̀ tírélà ti máa ń wá jẹ ìrẹsì àti ẹ̀wà. Wọ́n máa ń sọ pé tó bá ti ń dín ata, àwọn tó wà ní òdì kejì ọ̀nà á ti máa fọ ọwọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́dún tí àìsàn ikọ́ àti ibà yẹn gba gbogbo ayé kan, ó mú Harriet náà. Ọjọ́ mọ́kànlá ló fi dùbúlẹ̀. Ó dìde, ara rẹ̀ yá, ṣùgbọ́n imú rẹ̀ kò bá a dìde. Kò gbóòórùn mọ́. Àlùbọ́sà kò ní òórùn, ẹja gbígbẹ kò ní, ọṣẹ kò ní. Dókítà ní ó lè padà, ó sì lè má padà. Ọdún kẹta rèé, kò tíì padà.

Ẹni tí kò bá ṣe kò lè mọ bí imú ṣe ń bá ẹnu ṣiṣẹ́ tó. Ohun tó ṣẹ́ kù fún Harriet ni ohun tí ahọ́n nìkan mọ̀ àti ohun tí eyín mọ̀: iyọ̀, ṣúgà, kíkan, kíkorò, ata tó ń jó ni létè, gbígbóná, tútù, líle, rírọ̀. Ìyókù ti lọ. Nígbà tó jẹ́ kí ọbẹ̀ jóná mọ́ ìdí ìkòkò lẹ́ẹ̀mejì láìmọ̀, tí àwọn oníbàárà sì ń dọ́gbọ́n fi àwo sílẹ̀, ó fa ilé ìdáná lé Nusirat lọ́wọ́. Ará Ìsẹ́yìn ni Nusirat, obìnrin tó ti lé ní ogójì ọdún, ọdún kọkànlá rẹ̀ lọ́dọ̀ Harriet nìyẹn. Láti ìgbà náà, Harriet kàn ń lọ jókòó níbẹ̀ láàárọ̀ ni, á kí àwọn ènìyàn, á tún wọ kẹ̀kẹ́ padà sílé.

Nílé, kò jókòó jẹun mọ́. Ìdúró ló ń jẹun nídìí sítóòfù, kíákíá, bí ẹni tó ń lo oògùn. Ṣínà nìkan ló ń jókòó ti tábìlì. Nígbà tó yá, ìwé tí ọkùnrin náà ń kọ bẹ̀rẹ̀ sí í gba tábìlì náà díẹ̀díẹ̀, títí tó fi ku igun kan tí àwo kan lè gbà. Kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Àdéhùn tí wọ́n wá jọ ṣe kí Ṣínà tó lọ ni pé ní alaalẹ́ ni yóò máa pè láti sọ ohun tó jẹ. Oṣù kọkànlá ni, aago Ítálì àti aago Èkó kò sì yàtọ̀ síra nínú oṣù yẹn. Jọmílójú, ọmọ wọn tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, ti kọ́ àwọn méjèèjì bí wọ́n ṣe lè máa rí ojú ara wọn lórí fóònù, ṣùgbọ́n Ṣínà ní ohùn nìkan ti tó òun.

Ó pè láti Nápólì. Ó ní òun jẹ písà tó rí roboto, tí etí rẹ̀ wú, tí iná ti fi àmì dúdú sí lára, tí tòmátì pupa fòò wà lórí rẹ̀ pẹ̀lú wàrà funfun àti ewé kan tó jọ efinrin. Harriet di ojú, ó ń gbọ́. Inú rẹ̀ dùn. Ó ní ọkùnrin yìí ti ń gbìyànjú. Ṣínà tún sọ nípa obìnrin kan tó ń jẹ́ Jennifer, tó ń di irun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdó ọkọ̀ ojú irin, ọmọ Ajégúnlẹ̀ pọ́nńbélé, tó sọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ fún un títí ilẹ̀ fi ṣú. Ó pè láti Róòmù. Ó sọ nípa ẹran, ó sọ nípa ẹ̀fọ́ òdòdó kan tí wọ́n dín. Ní ọjọ́ kẹjọ, ó ní òun jẹ áísì kírímù aláwọ̀ mẹ́ta, ọ̀kan ní àwọ̀ ewé, ọ̀kan funfun, ọ̀kan bí àwọ̀ kòkó, wọ́n sì tò wọ́n lé ara wọn bí òkè.

Harriet dá a lóhùn pé ó dáa, ó sì kí i pé ó dàárọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó gbé fóònù sílẹ̀, nǹkan kan kò jẹ́ kó sùn bọ̀rọ̀. Ọkọ rẹ̀ ní eyín kan ní òkè lápá òsì. Omi fíríìjì lásán tó bá kan eyín yìí, Ṣínà á di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú fún wákàtí kan, gbogbo ilé ni yóò sì gbọ́. Báwo ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe jẹ òkìtì áísì kírímù mẹ́ta láìdárúkọ eyín?

Lọ́jọ́ kejì, Ṣínà ti dé Bòlóńyà. Aago méje ń lọ lù nígbà tó pè.

"Kí lẹ jẹ lónìí, Bàbá Jọmí?"

"Haa, Ìyá Jọmí! Supagẹ́tì pẹlẹbẹ kan ni. Àwọ̀ rẹ̀ bíi pupa inú ẹyin. Ọbẹ̀ ẹran lílọ̀ wà lórí rẹ̀, èéfín ń rú..."

"Ṣé ó ń lẹ̀ mọ́ yín léyín?"

"Kí ló ń lẹ̀?"

"Supagẹ́tì náà. Ṣé ó rọ̀ ni, àbí ẹ ní láti rún un? Ṣé ọbẹ̀ náà kan? Iyọ̀ rẹ̀ ńkọ́?"

"Ó... ó wà dáadáa. Ó dùn."

"Áísì kírímù àná yẹn ńkọ́? Eyín yín ò bá yín jà?"

Harriet ń gbọ́ mímí ọkọ rẹ̀, ó sì ń gbọ́ tírélà kan tó ń fọn fèrè ní ojú ọ̀nà níta ilé tirẹ̀.

"Bàbá Jọmí, ẹ ò jẹ áísì kírímù kankan. Ẹ ò sì jẹ supagẹ́tì. Gbogbo ohun tẹ́ ẹ ti ń sọ fún mi láti ọjọ́ yìí, ojú lẹ fi rí i. Kò sí ọ̀kankan tó kan ẹnu yín. Ṣé ẹ mọ̀ pé mi ò ní imú. Ohun tó kù fún mi nìkan ni mo ń béèrè lọ́wọ́ yín, ẹ ò sì rí ẹyọ kan fún mi. Kí lẹ ń jẹ níbẹ̀?"

"Búrẹ́dì," ni Ṣínà wí. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Búrẹ́dì àti sadíìnì. Àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́. Nínú yàrá mi."

"Fún ọjọ́ mẹ́sàn-án?"

"Alẹ́ tí mo kọ́kọ́ dé Nápólì, mo lọ sí ilé oúnjẹ kan. Ọmọkùnrin tó wà lẹ́nu ọ̀nà gbé ìka kan sókè, ó ní ṣé ẹnì kan ni. Mo wo inú ibẹ̀. Méjì méjì ni gbogbo wọn jókòó, àwọn mìíràn mẹ́rin mẹ́rin, wọ́n ń bu oúnjẹ inú àwo ara wọn jẹ. Mo ní kó dúró, mo ń bọ̀. Mi ò padà. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀yìn wíńdò ni mo máa ń dúró sí. Mo máa ń wò wọ́n, mo máa ń ka ìwé oúnjẹ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà, mo wá máa ń padà sí yàrá lọ pè ọ́."

Ọ̀rọ̀ náà fẹ́ pa Harriet lẹ́rìn-ín, ó sì tún fẹ́ dùn ún. "Àgbàlagbà bíi tiyín! Ṣebí ẹ̀yin nìkan náà lẹ máa ń jẹun nílé níbí."

"Ọdún kẹta nìyí tí mo ti ń dá jẹun nílé, Harriet." Kì í pè é lórúkọ bẹ́ẹ̀, àfi tí ọ̀rọ̀ náà bá ti inú wá. "Nílé, mo ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ nínú ilé ìdáná, mo mọ̀ pé o wà níbẹ̀. Mi ò wá gbogbo ọ̀nà yìí láti tún wá máa dá jẹun."

Harriet fà sẹ́yìn, ó jókòó sórí àpótí tó máa ń jókòó lé bó iṣu. Gbogbo ìgbà tó ń jẹun lórí ìdúró yẹn, ohun tó rò ni pé òun nìkan ni nǹkan sọnù lọ́wọ́ rẹ̀. Kò rò ó rí pé ẹni tó jókòó ti tábìlì lódì kejì ògiri ń fetí sí ẹsẹ̀ òun. Ó fi etí aṣọ nu ojú.

"Aago mélòó lọ́hùn-ún?" ló bi í.

"Méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bíi tiyín náà ni."

"Ẹ wọ bàtà."

"Ìyá Jọmí..."

"Ẹ wọ bàtà, kẹ́ ẹ sì wọ kóòtù, nítorí òtútù. Ẹ tẹ ibi tí Jọmílójú fi hàn wá, kí n máa rí yín. Ẹ máa bọ̀ níta."

Bí Ṣínà ṣe ń rìn lọ ní àwọn òpópónà Bòlóńyà, tí wọ́n kọ́ òrùlé lé lórí bíi fàráńdà tí kò lópin, bẹ́ẹ̀ ni Harriet ń kó ìwé kúrò lórí tábìlì ní Àpápá. Ó kó wọn sórí àga ní ìdì méjì. Ó nu tábìlì. Ó gbé ẹ̀wà tí Nusirat bù fún un láàárọ̀ kaná, ó dín dòdò díẹ̀ sí i. Fóònù wà lára agolo mílíìkì lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù, ó ń wò ó, ó ń yí dòdò.

"Mo ti dé ibì kan," ni Ṣínà wí. Ó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí ẹni tó wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì. "Ó kéré. Obìnrin kan ló wà níbẹ̀. Ó ti rí mi."

Harriet rí obìnrin náà lórí fóònù. Irun rẹ̀ ti funfun, ó so épúrọ́ọ̀nù mọ́dìí, ọjọ́ orí wọn kò lè jìnnà síra. Obìnrin náà gbé ìka kan sókè.

"Ẹ sọ fún un pé àwa méjì ni," ni Harriet wí.

"Ìwọ ò sí níbí, Ìyá Jọmí."

"Ẹ ṣáà sọ fún un."

Ṣínà gbé ìka méjì sókè. "Dúè," ló wí, nítorí ó ti kọ́ oókan títí dé ẹẹ́wàá kó tó kúrò ní Èkó. Obìnrin náà wo ẹ̀yìn rẹ̀, kò rí ẹnikẹ́ni. Ṣínà wá yí fóònù sí i. Harriet ju ọwọ́ sí i, ṣíbí dòdò ṣì wà lọ́wọ́ náà.

"Ẹ kú alẹ́ o, mà!"

Obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín. Ó mú Ṣínà lọ sí tábìlì kékeré kan ní igun, ó gbé ìgò omi sí àárín, ó gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e ti ìgò náà. Lẹ́yìn náà ló ṣe ohun tí Harriet kò retí. Ó gbé fọ́ọ̀kì, ọ̀bẹ àti ìnujú oníbébà síwájú Ṣínà, ó sì tún gbé fọ́ọ̀kì, ọ̀bẹ àti ìnujú mìíràn síwájú fóònù. Ó tò wọ́n dáadáa, ó fi ọwọ́ tẹ́ ìnujú náà kó má ká. Ní Àpápá, Harriet rí eyín fọ́ọ̀kì náà ní ìsàlẹ̀ fóònù rẹ̀, ó tóbi bí ọ̀pá. Ó gbé àwo ẹ̀wà rẹ̀, ó fa àga, ó jókòó.

Wọ́n gbé supagẹ́tì pẹlẹbẹ náà dé, èyí tó jẹ́ òótọ́.

"Ẹ fi ẹnu sọ ọ́," ni Harriet wí. "Ẹ má fi ojú sọ ọ́ fún mi mọ́."

Ṣínà jẹ ẹ́. Ó rún un pẹ́. "Ó fẹ̀ bíi téèpù tí télọ̀ fi ń wọn aṣọ. Ó ń yọ̀. Tí mo bá gé e jẹ, ó máa kọ́kọ́ ṣagídí díẹ̀, kó tó wá gbà."

"Hẹn-ẹn!"

"Ọbẹ̀ rẹ̀ kò ta rárá. Iyọ̀ rẹ̀ mọ níwọ̀n. Ó wúwo lórí ahọ́n. Lẹ́yìn tí mo bá gbé e mì, ó ku nǹkan kan tó dùn bíi kárọ́ọ̀tì tó ti pẹ́ lórí iná."

"Wọ́n se é pẹ́ ni. Wọn ò ní ata, sùúrù ni wọ́n fi dípò rẹ̀. Ẹ pe obìnrin yẹn, ẹ bi í pé wákàtí mélòó."

Obìnrin náà ń jẹ́ Ornella. Òyìnbó tó gbọ́ kò tó nǹkan, ti Ṣínà ní èdè Ítálì kò sì kọjá ẹẹ́wàá, ṣùgbọ́n nígbà tí Ṣínà na ọwọ́ sí ọbẹ̀, tó tún na ọwọ́ sí aago, ó yé e. Ó gbé ìka mẹ́rin sókè. Harriet kan sáárá sí i láti Àpápá. Ni Ornella bá tẹ̀ síwájú, ó tọ́ka sí àwo Harriet, ó fẹ́ rí i. Harriet sún fóònù mọ́ ẹ̀wà náà. Obìnrin náà wò ó, ó mi orí, ó sọ ọ̀rọ̀ kan, ó sì fi ọwọ́ lé àyà. Kò sẹ́ni tó túmọ̀ rẹ̀. Harriet náà mi orí padà.

Nígbà tí obìnrin náà lọ, Ṣínà ní, "Tìrẹ ńkọ́?"

"Tèmi kí ni?"

"Kí ló wà lẹ́nu rẹ?"

Láti ọdún mẹ́ta, gbogbo ènìyàn ló ń bi Harriet bóyá imú rẹ̀ ti padà. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ń bi í, àwọn oníbàárà ń bi í, Jọmílójú ń bi í lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi í rí pé kí ló ṣẹ́ kù.

"Ata ń jó mi ní ètè ìsàlẹ̀," ló wí, ó ń wá ọ̀rọ̀ náà bó ṣe ń jẹun. "Ẹ̀wà rẹ̀ ti rọ̀, ó ń fọ́ lórí ahọ́n, ṣùgbọ́n awọ rẹ̀ ṣì wà, mo ń fi eyín wá a. Dòdò gbóná nínú. Etí rẹ̀ gan, ó ń dún. Iyọ̀ pé. Nusirat mọ iyọ̀ sí i lónìí."

"Ó dùn báwo?" ni Ṣínà wí.

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Nígbà tí Harriet fi máa wolẹ̀, àwo rẹ̀ ti mọ́, kò sì rántí ìgbà tó jẹ ẹ́ tán.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe ní alaalẹ́. Tó bá ti di aago méje, Harriet á tẹ́ tábìlì, Ṣínà á gbé fóònù ti ìgò omi Ornella. Ó jẹ ìyẹ̀fun pípò wẹ́wẹ́ tí wọ́n ká bí etí ọmọdé, tí wọ́n di ẹran sínú rẹ̀, tí wọ́n sì bu omi ẹran gbígbóná lé lórí. Ó jẹ ẹran tí wọ́n gé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó ní ó ń yọ́ kí eyín tó bá a. Ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún nìkan jẹ áísì kírímù, ó sì pariwo eyín, Harriet rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀.

Ìwé náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ní alẹ́ kan, Ṣínà ka ibì kan fún un, níbi tí Moríyọ̀ ti kọ́kọ́ jókòó síwájú oúnjẹ àwọn ará Ítálì, tó rántí Badia, tó sì ń sunkún sínú àwo.

"Kò ní sunkún," ni Harriet wí.

"Àárò ilé ń sọ ọ́ ni."

"Bó sọ ọ́. Oúnjẹ sísè ni iṣẹ́ rẹ̀, ebi sì ń pa á. Á jẹ ẹ́ tán. Lẹ́yìn náà, á wọ inú ilé ìdáná, á ṣí ìkòkò wò, kó lè mọ ohun tí wọ́n fi sínú rẹ̀. Tó bá fẹ́ sunkún, ìgbà tó bá ń fọ àwo ni yóò sunkún."

Ṣínà fa ìnujú tó wà níwájú fóònù jáde, ó sì ń kọ ọ́ sórí rẹ̀.

Ìlú tó kẹ́yìn ni Tùrínì. Òtútù ibẹ̀ le. Wọ́n gbé ìkòkò kékeré kan síwájú Ṣínà, iná wà lábẹ́ rẹ̀, òróró ólífì gbígbóná ló wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú ẹja kéékèèké àti aáyù tí kò lóǹkà. Wọ́n ń ki ẹ̀fọ́ bọ̀ ọ́, wọ́n ń jẹ ẹ́. Ó ní gbogbo yàrá ló ń rùn, ó sì ní wọ́n ti kìlọ̀ fún òun pé ẹni tó bá jẹ ẹ́, kó má sún mọ́ ènìyàn fún ọjọ́ méjì.

"Èmi lè jókòó tì yín," ni Harriet wí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí yóò fi imú rẹ̀ ṣe àwàdà.

Ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ ní Àpápá. Àwọn tó ń gbẹ́ ojú ọ̀nà ni wọ́n ní wọ́n gé wáyà, gbogbo àdúgbò kò lè pe ẹnikẹ́ni. Harriet ti tẹ́ tábìlì. Ó tẹ nọ́ńbà náà lẹ́ẹ̀mẹfà. Ó wo àwo tó bo síwájú rẹ̀, ìrẹsì àti ọbẹ̀ ẹja. Ó dìde, ó gbé e lọ sídìí sítóòfù níbi tó máa ń dúró sí tẹ́lẹ̀, ó ṣí i, ó gbé ṣíbí. Kò lè jẹ ẹ́ níbẹ̀. Ara rẹ̀ ti kọ̀ ọ́. Ó tún bo àwo náà, ó fi gèlè di í, ó jáde, ó wọ kẹ̀kẹ́, ó di Ajégúnlẹ̀.

Ilé oúnjẹ ṣì kún díẹ̀. Àwọn awakọ̀ bíi mẹ́rin ń jẹun, Nusirat sì ń dín ata tí yóò lò lọ́jọ́ kejì. Nígbà tó rí Harriet lẹ́nu ọ̀nà ní alẹ́, ó ju ṣíbí sílẹ̀.

"Màmá! Kí ló dé? Ṣé kò sí nǹkan o? Ṣé Bàbá ni?"

"Kò sí nǹkan kan. Mo wá jẹun ni."

Nusirat nu bẹ́ǹṣì, ó nu tábìlì, ó tún nu bẹ́ǹṣì náà lẹ́ẹ̀kejì. Harriet tú gèlè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun láàárín àwọn awakọ̀ náà. Nusirat ń wò ó láti ìdí iná. Harriet rí i pé ó ń fi ọwọ́ fẹ́ atẹ́gùn síwájú ìkòkò, bí ẹni tó ń lé èéfín gba ọ̀nà mìíràn.

"Kí lò ń fi ọwọ́ lé?"

Ojú ti Nusirat. "Òórùn rẹ̀ ni, Màmá. Ó ti ń ta sánsán. Mo... mi ò kì í fẹ́ kó máa wá sí ọ̀dọ̀ yín, bẹ́ ẹ ò tiẹ̀ gbọ́ ọ. Láti ìgbà tẹ́ ẹ ti ṣàìsàn, mi ò kì í sọ ọ̀rọ̀ òórùn níwájú yín. Mo rò pé á máa dùn yín."

Ọdún mẹ́ta! Harriet gbé ṣíbí sílẹ̀, ó lọ dúró ti Nusirat nídìí iná.

"Báwo ló ṣe ń rùn báyìí? Sọ ọ́ fún mi."

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá."

"Sọ ọ́ fún mi, Nusirat."

Nusirat fi imú fà á. "Tútù rẹ̀ ti ń lọ. Kì í ṣe òórùn tòmátì mọ́. Àlùbọ́sà ló ṣáájú báyìí, ó ti ń dùn bíi ti èyí tí wọ́n sun. Ṣùgbọ́n òróró kò tíì dá yọ sókè."

Harriet wo ojú ata náà bó ṣe ń hó. Ó ṣí ojú sí i, ó rí gbogbo rẹ̀ bí ẹni pé ó ń gbọ́ òórùn rẹ̀. "Ó ku ìṣẹ́jú márùn-ún. Dín iná kù. Tí òórùn àlùbọ́sà bá fẹ́ jóná, kó o pè mí." Ó mú ṣíbí, ó tọ́ ọ wò. "Iyọ̀ rẹ̀ kò tíì tó. Kíkan rẹ̀ sì ṣì wà."

"Abeg, Mama, e remain small!" ni ọ̀kan nínú àwọn awakọ̀ náà pariwo láti ẹ̀yìn, ó ti na àwo rẹ̀ pé kí wọ́n bu díẹ̀ sí i.

Àwọn méjèèjì jọ dín ata náà dé òpin, ọ̀kan ń fi imú, ọ̀kan ń fi ahọ́n. Láti ọjọ́ kejì, Harriet kò kàn jókòó síbẹ̀ mọ́.

Nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì padà láàárọ̀, ohùn Ṣínà ló kọ́kọ́ wọlé. "Mo pè títí. Ẹ̀rù bà mí. Mo wá lọ fúnra mi."

"Lọ síbo?"

"Ilé oúnjẹ. Mo gbé ìka kan sókè. Mo ní ẹnì kan ni. Mo jókòó, mo jẹ ẹ́ tán."

"Ẹ kú ìgboyà," ni Harriet wí, kò sì fi ṣe yẹ̀yẹ́.

"Kò dùn tó ti tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n mo jẹ ẹ́ tán."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó tẹ̀lé e ni Ṣínà wọlé. Ó ti rù díẹ̀, àpò rẹ̀ sì kún fún ìwé. Nusirat wá láti Ajégúnlẹ̀ wá kí i káàbọ̀, ó gbé ìrẹsì àti ẹran díndín wá. Ṣínà tú àpò, ó mú wàrà líle kan jáde, ègé ńlá tó ti gbó fún ọdún mẹ́ta, tí Ornella fi ránṣẹ́ sí Harriet. Nígbà tó tú bébà rẹ̀, Nusirat fi ìjáábù bo imú, ó fò sẹ́yìn.

"Ha! Bàbá, ẹsẹ̀ ta lẹ dì sínú bébà yìí?"

Harriet ló gé e. Ó ju ègé kan sẹ́nu, wọ́n dúró, wọ́n ń wò ó. Iyọ̀ ló kọ́kọ́ dé. Lẹ́yìn náà, bó ṣe ń rún un, nǹkan kéékèèké bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ lábẹ́ eyín rẹ̀, bí hóró ṣúgà, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ṣúgà. Ojú rẹ̀ là.

"Ó ń dún!" ló wí. "Bàbá Jọmí, ó ń dún lẹ́nu mi! Ẹ fetí sí i!" Ó sún ẹ̀rẹ̀kẹ́ mọ́ etí ọkọ rẹ̀, ó ń rún un, Ṣínà sì fetí sí i, ó ní òótọ́ ni, òun ń gbọ́ ọ.

Nusirat bu wọn lóúnjẹ, òun náà jẹ tirẹ̀, ó sì lọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó wá ku àwọn méjèèjì. Ṣínà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ nípa orí ìwé tó kù, pé Moríyọ̀ yóò wá sílé lọ́dún karùn-ún, pé òun kò tíì mọ ohun tí yóò jẹ ní ọjọ́ tó bá dé. Ó ní kí Harriet bá òun rò ó. Harriet ń rò ó. Ó ti ń sọ ọ́ fún un, ó ti dé ibi tí wọ́n ti ń bọ ìrẹsì, nígbà tó rí i pé ọkọ òun kò dá òun lóhùn mọ́. Oorun ti gbé e lọ níbi tó jókòó sí, orí rẹ̀ ti tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ṣíbí ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Harriet rọra yọ ṣíbí náà. Ó fa àwo ọkọ rẹ̀ mọ́ra, ó ń jẹ ìyókù ẹran tó wà nínú rẹ̀ ní díẹ̀díẹ̀, ó sì ń wò ó bó ṣe ń sùn.